Wọ́n Fẹ́ Gbé Ojú Mi Kọ́ Pátákó

Ìyá mi, abiyamọ tòótọ́,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọwọ́ èmi fúnra mi ni mo fi ń kọ ìwé yìí. Mo ti ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbà, mo sì ń ṣe fáàrí rẹ̀.

Iṣẹ́ irú tí ẹ fi lé mi lọ́wọ́ fẹ́ kú. Irúgbá wọ́n, igi ìdáná wọ́n. Ẹni tó máa ń ra abọ́ kan rí, ìdì kan ló ń rà báyìí. Síbẹ̀, bí mo bá bo irú tán, màá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìdérí bí ẹ ti máa ń ṣe, màá wo bí ooru rẹ̀ ti tó. Ta ló kọ́ ẹ̀yin náà?

Kọ́ńpìnnì kan ń fún àwa oníṣòwò kéékèèké lówó ìrànwọ́ tí a kò ní san padà. Mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n sì mú mi. Mo jó nínú yàrá. Àṣé wọ́n á ya fọ́tò mi, wọ́n á gbé e kọ́ pátákó gàgàrà lọ́nà rélùwéè. Ẹni tí kò bá gbà kò ní rí owó náà.

Ìyá mi, ayé tí ẹ fi sílẹ̀ kọ́ nìyí. Àwọn ajínigbé ń dènà de èèyàn lọ́nà oko. Ẹni tí wọ́n bá gbọ́ pé ó lówó ni wọ́n ń wá. Ìyá Sìdí tí a jọ ń se irú ti ń pariwo mi káàkiri àgbàlá: “Alhaja olówó kọ́ńpìnnì! Tí wọ́n bá gbé yín, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ò mọ̀ mí rí o!” Mo bá a rẹ́rìn-ín. Adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Kì í ṣe tèmi ni mo ń rò. Ọmọ-ọmọ mi tó wà ní Pólì ni, tó ń gun ọ̀kadà wálé nírọ̀lẹ́. Bó bá pẹ́ díẹ̀, màá ti dúró lẹ́nu géètì, ètè mi á máa ṣàdúà. Ọ̀la ni àwọn onífọ́tò ń bọ̀. Ṣé kí n jẹ́ kí iṣẹ́ yín kú mọ́ mi lọ́wọ́ ni?

Ẹ má bínú sí mi. N ó ní kí wọ́n gbé owó wọn fún ẹlòmíràn. Oṣù tí a sin yín ni a bí ọmọ yẹn, Ìyábọ̀ ni a sì sọ ọ́. Mo ti sin yín lẹ́ẹ̀kan. N kò lè fi yín ṣòfò lẹ́ẹ̀kejì nítorí owó igi ìdáná.

Èmi ni àbíkẹ́yìn yín, tó ṣì ń sá tọ̀ yín wá bí ẹ̀rù bá bà á.