Ilà Ojú Mi Nínú Lẹ́ńsì

D-Line, Pọ́tákọ́tì,
Oṣù Kọkànlá, 2006.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Mo tọrọ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun kí ìwé yìí bá yín lórí ìdúró, kí ẹsẹ̀ tó ń dùn yín sì ti fúyẹ́. Ara tèmi le. Ẹ kú oríire ọmọ tí àbúrò mi Fàdílátù bí.

Ọkọ mi Sherifdeen ra lẹ́ńsì tuntun sí kámẹ́rà rẹ̀. Ó ní ihò kan wà nínú lẹ́ńsì tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń ṣí i. Tó bá ṣí gbayawu, ẹni iwájú nìkan ló máa hàn, ẹni ẹ̀yìn á dà bí èéfín. Tí wọ́n bá pa á dé títí dórí nọ́ńbà mẹ́jọ, iwájú hàn, ẹ̀yìn náà hàn. Tí wọ́n bá wá pa á dé jù, kò ní mọ́ kedere mọ́.

Ó fẹ́ mọ nọ́ńbà tí lẹ́ńsì tiẹ̀ ti mọ́ jù. Àwọn ayàfọ́tò ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa lẹ ìwé ìròyìn mọ́ ògiri, wọ́n á yà á wò. Òun gbé àga síta, ó ní kí n jókòó sínú oòrùn, pé òun ò tíì rí ojú tó bá lẹ́ńsì mu bíi tèmi. Ojú tì mí, inú mi sì dùn, torí kò yìn mí rí. Ó ní tóun bá ti rí nọ́ńbà náà, àwa méjèèjì á ya fọ́tò tí òun máa gbé kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù, kí gbogbo D-Line mọ ìyàwó òun. Mo jókòó títí òógùn fi wọ̀ mí lójú.

Ìyá mi, ilà gọ̀ǹbọ́ mi ló ń kà. Ó fẹ fọ́tò náà tóbi, ó ń ka ilà lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè mọ èyí tó mọ́ jù. Belema, ọmọbìnrin tó ń bá a gba oníbàárà, ní, "Oga, your wife face na ruler o." Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Mẹ́jọ ló borí.

Ní Jímọ̀ mo wọ léèsì ìgbéyàwó mi. Ọkọ mi ní kí n dúró sẹ́yìn àga òun, kí n tún sún sẹ́yìn díẹ̀ sí i. Kó tó wá jókòó kí Belema tẹ kámẹ́rà, mo rí i tó ṣí ihò náà gbayawu. Mo rọra ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣebí mẹ́jọ lẹ ní ó dára jù?"

Ó ní, "Mẹ́jọ wà fún iṣẹ́. Dúró jẹ́ẹ́."

Fọ́tò náà ti wà lára ògiri. Irùngbọ̀n rẹ̀ ṣeé kà níkọ̀ọ̀kan. Èmi di èéfín tó wọ léèsì. Lánàá oníbàárà kan bi í pé, "Who be this for back?" Mo wà níbẹ̀, mo ń gbálẹ̀. Ó ní, "Na background."

Mi ò bá a jà. Mo ṣì ń rò ó pé tí mo bá bímọ, ó lè pa ihò náà dé títí dórí mẹ́jọ, kí n lè hàn pẹ̀lú ọmọ mi. Ẹ bá mi fi sí àdúà.

Kí Ọlọ́hun dá yín sí, kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́.

Èmi ni ọmọ yín tí ọkàn rẹ̀ ń fà sílé,
Sàlímọ́tù.

Ọ̀rọ̀ kan kù: Mo fi fọ́tò inú oòrùn yẹn sínú ìwé yìí, èyí tó yà ní mẹ́jọ. Ẹ fi han Fàdílátù kí wọ́n tó pe oníkọlà. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má fi abẹ kan ojú ọmọ náà.