Ẹ̀wù Dúdú Tí Mo Fi Lé Àna Mi

Siddiqah ọmọ mi,

Àsàlámù àléékúmù. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Abidjan? Ṣé àbúrò mi àti ará ilé rẹ̀ ní Adjamé ń tọ́jú rẹ? Ọlọ́run tó mú ọ dé ìdí ìwé òfin kò ní jẹ́ kí ìwé náà dojú rú mọ́ ọ lọ́wọ́. Ara ìyá rẹ le, iṣu wa sì ta dáadáa.

Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù ló fẹ́ pa mí. Mo rí ọ nínú ẹ̀wù dúdú gbàgàdà, aṣọ funfun rọ̀ lọ́rùn rẹ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọ irú ẹ̀ dúró tì ọ́. Mo gbé fóònù náà tọ Alfa lọ, àwa méjèèjì tí a kò ríran dáadáa wò ó títí, a sì fẹnu kò pé o ti di pásítọ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ ni ọmọkùnrin náà pè mí. Ó ní bonjour papa, Gafarou lorúkọ òun, òun fẹ́ kí àwọn òbí òun wá tọrọ rẹ. Mo ní kí ó lọ wá ìyàwó nínú ìjọ rẹ̀, kí ó dá ọmọ mi padà. Ó ní Mùsùlùmí lòun, ó sì ké Fátíhà sí mi létí, kò ṣì í kà. Mo ní mo mọ̀, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń kọ́ ọ láti fi tan arúgbó jẹ.

Ìyá rẹ̀ bá gba fóònù. Ó kí mi bí ará Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe ń kíra, ó ní kí n má bínú, ẹ̀wù tí àwọn lọ́yà ń wọ̀ níwájú adájọ́ nìyẹn, ẹ̀kọ́ òfin kan náà ni ọmọ òun àti ìwọ jọ ń kọ́. Mo da fóònù dojú bolẹ̀, torí mo rò pé bí wọ́n ṣe ń pa á nìyẹn, mo wá ń sọ fún ìyá rẹ pé mo gbé, mo ti bú àna mi, ta ni yóò bá òmùgọ̀ bíi tèmi tan. Àfi bí ẹ̀rín ṣe sọ lábẹ́ fóònù, tí ìyá Gafarou ní àwọn á bá a tan bẹ́ẹ̀.

Ojú tì mí débi pé mo gbà lójú ẹsẹ̀. Ìyá rẹ wá ń bi mí bóyá mo ti bi ìwọ alára. Nítorí náà, ṣé o fẹ́ ẹ?

Bí o bá fẹ́ ẹ, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí a fi ṣàlejò wọn. Má fi sínú fóònù mọ́. Èyí tí o ní o fi síbẹ̀ lóṣù tó kọjá, mo tú ẹ̀yìn rẹ̀, bátìrì nìkan ni mo bá. Ẹni tó bá ń bọ̀ wálé ni kí o fún.

Wàá máa rí ẹjọ́ rò, ẹjọ́ kò ní rí ọ mú. Àmín.

Èmi bàbá rẹ,
Àbdùlbàkí