Omi Tó Yà Lọ́fun Bàbá Mi

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù kẹwàá, 2025

Ẹ̀rọ tuntun náà dé sí ilé àwòrán wa ní Ore lónìí. Kì í ya àwòrán tó dúró sójú kan bí ẹ́ksírè tí mo ti ń yà láti ọdún mẹ́sàn-án. Àwòrán tó ń rìn ló ń yà. Mo ti sọ ọ́ lórúkọ — Atọ̀fun.

Iṣẹ́ ìwádìí Dókítà Ọláyídé ni. Ọgọ́ta arúgbó la fẹ́ yà: ọgbọ̀n tí oúnjẹ ti ń há lọ́fun, ọgbọ̀n tó ní kò sí nǹkan tó ń ṣe àwọn. Arúgbó á jókòó síwájú Atọ̀fun, Nọ́ọ̀sì Beauty á fún un ní ẹ̀kọ, á fún un ní bisikíìtì, á fún un ní omi, gbogbo rẹ̀ la ti po oògùn funfun kan mọ́. Èmi á wà lẹ́yìn ògiri nínú ẹ̀wù òjé mi tó ń dá ìtànṣán ẹ̀rọ dúró. Oògùn tó funfun nínú ife, dúdú ló ń hàn lójú ẹ̀rọ. Ó ń ṣàn bí yíǹkì.

Ohun tí Dókítà ń wá ni àwọn tí omi ń gba ọ̀nà èémí wọn wọnú ẹ̀dọ̀fóró tí wọn ò sì húkọ́. Ó ní, "Ẹni tó ń húkọ́, ara rẹ̀ ṣì ń jà fún un. Ẹni tí kò húkọ́ ni mò ń bẹ̀rù."

Nọ́ńbà la fi ń pe gbogbo wọn, a kì í kọ orúkọ sára àwòrán. Òfin kan ni Dókítà tẹnu mọ́ fún mi: bí mo bá rí i pé omi yà sí ọ̀nà èémí ẹnì kan, kí n sọ fún òun lọ́jọ́ náà gan-an, kí onítọ̀hún náà sì gbọ́ kó tó lọ sílé.

Ọjọ́bọ̀, 9 oṣù kẹwàá

Nọ́ńbà 14. Àlàájà Fàtíà, tó ń ta ìrẹsì lọ́jà Ore kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó dá a jókòó. Gàzálì ọmọ rẹ̀ ló gbé e wọlé, awakọ̀ ni ní gáréèjì. Omi yà. Kì í ṣe díẹ̀. Ìyá náà kò húkọ́, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

Dókítà jókòó ti àwọn méjèèjì, ó ṣàlàyé. Kò gbọdọ̀ mu omi lásán mọ́. Kí wọ́n máa mú un ki, kí wọ́n po ìyẹ̀fun kan mọ́ ọn. Kó máa jókòó gan-an jẹun. Gàzálì kàn ń mi orí, ó ń fi etí aṣọ nu ojú. Ọkùnrin gìrìwò bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 12 oṣù kẹwàá

Mo lọ kí bàbá mi ní Ajue. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko kòkó dé — lọ́jọ́ ìsinmi! Ó ní òun kàn lọ wo àwọn tó ń fọ́ kòkó ni. Ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ó jẹ òkèlè púpurú tó tóbi ju tèmi lọ. Àǹtí Joanna, àbúrò rẹ̀ tó ń bá a gbé, ní òun ò lè bá a dé oko mọ́.

Mo sọ fún un pé a ń wá àgbà tí ara wọn le fún iṣẹ́ wa. Inú rẹ̀ dùn. "Èmi gan-an lẹ ń wá."

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó tẹ̀ lé mi dé ìdí mọ́tò. Ó ní, "Monílọ́lá, bí ẹ bá rí nǹkan kan lára mi, má sọ fún mi o."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n sọ fún màmá mi ní ọsibítù pé àìsàn rẹ̀ ò gbóògùn, ọjọ́ yẹn ló kọjú sí ògiri. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ló lò, ó kú. "Ọ̀rọ̀ ló pa á. Ṣèlérí fún mi."

Mo ṣèlérí. Kí ni mo rò pé a ó rí?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 oṣù kẹwàá

Trélà ṣubú lójú ọ̀nà, Dókítà há sí ìhà Ìjẹ̀bú. Ó pè pé kí èmi àti Beauty máa ṣiṣẹ́ lọ, àwọn tí ara wọn le nìkan ló wà lórí ìwé lónìí.

Nọ́ńbà 23.

Bàbá wọ bùbá tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń bi Beauty bóyá oògùn náà ní ṣúgà. Ẹ̀kọ — ó sọ̀ kalẹ̀ dáadáa. Bisikíìtì — dáadáa. Omi, ṣíbí kan — dáadáa. Mo ti ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ògiri. Lẹ́yìn náà ó gbé ife, ó mu ún bó ṣe máa ń mu omi nílé.

Ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan yà. Ó gba iwájú, kò gba ẹ̀yìn. Ó sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ̀nà èémí bàbá mi, wọ́ọ́rọ́, bí ẹni tó ti mọ ọ̀nà náà tẹ́lẹ̀.

Mo dúró de ikọ́. Ikọ́ ò wá.

Mo dá a padà, mo tún un wò. Ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Bàbá yọjú síbi tí mo wà. "Ṣé ó dáa?"

Mo ní, "Ó dáa, Bàbá."

Dókítà pè nírọ̀lẹ́. Ṣé ti ẹnikẹ́ni yà? Mo ní rárá.

Ọjọ́rú, 15 oṣù kẹwàá

Mi ò pè é.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 oṣù kẹwàá

Dókítà wá kó gbogbo àwòrán ọ̀sẹ̀ yìí, ó ní òun á máa wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí àyè bá ti gbà. Mo fà á lé e lọ́wọ́. Àwòrán Bàbá wà nínú rẹ̀.

Mo ń ṣe ìṣirò bí olè. Ogún àwòrán. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó kan nọ́ńbà 23. Ó lè jẹ́ ọ̀la.

Ọjọ́ Àìkú, 19 oṣù kẹwàá

Ajue. Mi ò gbọ́ ìwàásù kankan, mi ò mọ orin tí a kọ.

Àǹtí Joanna gbé púpurú àti ọbẹ̀ ẹja wá, ó gbé ife omi tutù tì í. Mo jókòó kọjú sí Bàbá. Gògóńgò rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ sílẹ̀. Mo ń kà á. Nígbà tó na ọwọ́ sí ife, mo ṣe bí ẹni fẹ́ gbé iyọ̀, mo sì da omi náà nù. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Àǹtí Joanna pòṣé, ó lọ bu òmíràn wá.

Ó mu ún tán pátápátá. Ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn nípa ẹni tó fẹ́ ra kòkó rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀: ó ń dún bí ohùn ẹni tí omi wà ní gẹ̀ẹ́rẹ́ ọ̀fun rẹ̀. Ó ti tó ìgbà wo tó ti ń dún bẹ́ẹ̀? Mo ti ń rò pé ogbó ni.

Mo fẹ́ sọ. Ẹnu mi ti là. Mo rántí màmá mi, ẹ̀yìn rẹ̀ tó kọ sí wa lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ẹja sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 oṣù kẹwàá

Oorun ò kùn mí. Bí mo bá mu omi, mo máa ń dúró, mo máa ń tẹ́tí sí ọ̀fun ara mi.

Ọjọ́bọ̀, 23 oṣù kẹwàá

Gàzálì wá. Òun nìkan. Mo ti mọ̀ kó tó jókòó.

Àlàájà kú ní ìjẹta, wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà. Òtútù àyà, tí omi tó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró máa ń fà. Mo rò pé ó wá bá wa jà ni. Rárá, ọpẹ́ ló wá dá. Ó ní látọjọ́ tí a ti sọ fún wọn, àwọn ń mú omi rẹ̀ ki, àwọn ń gbé e jókòó, àwọn sì mọ ohun tí àwọn ń bá jà. Ó ti pẹ́ jù fún un ni.

Ó wá sọ pé: "Àǹtí, kí n tó mọ̀, èmi ni mo máa ń gbé ife sí i lẹ́nu láràárọ̀. Ká ní ẹ ò sọ fún mi ni, èmi fúnra mi ni ǹ bá fi ọwọ́ mi bu omi pa ìyá mi."

Ó lọ. Mo wọ yàrá Atọ̀fun, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lọ́la ni mo máa lọ sí Ajue. Lọ́la. Ìlérí kan ò lè tó ẹ̀mí Bàbá.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 oṣù kẹwàá

Mi ò tíì wọ bàtà tí fóònù fi dún. Àǹtí Joanna. Bàbá gbóná láti àná, ó ń mí kíákíá, ó ń sọ̀rọ̀ tí kò yé wọn. Mo ní kí wọ́n gbé e wá sí Ore, kí wọ́n má fún un lómi. Ó ní, "Má fún un lómi kẹ̀? Ara rẹ̀ ń jó!" Mo pariwo mọ́ ọn. Mi ò pariwo mọ́ Àǹtí Joanna rí láyé mi.

Èmi ni mo ya àyà rẹ̀. Ó wúwo, ó fẹ̀yìn tì mí bí ọmọdé. Apá ọ̀tún, nísàlẹ̀: funfun báláú, òtútù àyà ni. Ibi tí omi máa ń sọ̀ sí gan-an.

Wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ sí i lọ́wọ́ ní ọsibítù. Mo wà níbí. Mò ń kọ èyí lórí orúnkún mi. Ọlọ́run, má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ èmi ni mo ṣe é.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 oṣù kẹwàá

Ibà ṣì wà.

Dókítà pè lọ́sàn-án. "Ta ni nọ́ńbà 23?"

Mo ní, "Bàbá mi ni."

Ó ní, "Ọjọ́ mọ́kànlá nìyẹn, Monílọ́lá. O sọ fún mi pé ti ẹnikẹ́ni ò yà." Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún mi.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ — ìlérí, màmá mi, òtútù àyà. Ó ní òun yóò kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣọ́ iṣẹ́ ìwádìí náà, wọ́n sì lè yọ mí. Mo ní mo gbà. Ó ní, "Ìyẹn ṣì ń bọ̀. Ta ni yóò sọ fún Bàbá? Ṣé ìwọ ni, àbí èmi?"

Ọjọ́ Àìkú, 26 oṣù kẹwàá

Ibà lọ sílẹ̀ díẹ̀. Ojú rẹ̀ là. Ó mọ̀ mí.

Mo sọ fún un. Mi ò fi nǹkan kan pamọ́. Ó gbọ́ mi dópin, ó ń wo òkè àjà.

Ó ní, "Ọjọ́ wo lo rí i?"

"Ọjọ́ tí ẹ wá yẹn náà, Bàbá."

"O rí i. O sì wá sílé lọ́jọ́ ìsinmi, o jókòó síwájú mi, ò ń wò mí tí mò ń mu ún."

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ ní kí n má sọ."

Ó yíjú sí mi nígbà yẹn. "Ẹ̀rù ló ń bà mí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé o ò mọ ọ̀rọ̀ ẹni tí ẹ̀rù ń bà ni? Ìwọ tí mo rán níwèé?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Ìkálẹ̀, èdè ilé wa, bá Àǹtí Joanna sọ̀rọ̀, bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀, bí ẹni pé àlejò tí kò gbọ́ èdè ni mí. Nígbà tí mo gbé ṣíbí ẹ̀kọ, ó pa ẹnu dé. Àǹtí Joanna gba ṣíbí náà lọ́wọ́ mi. Ó la ẹnu.

Ọjọ́rú, 29 oṣù kẹwàá

Wọ́n dá a sílẹ̀. Mo sanwó mọ́tò, kò jẹ́ kí n bá wọn lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 oṣù kọkànlá

Àǹtí Joanna ní ó ń jẹun. Òun ń mú omi ki fún un bí Dókítà ṣe wí, Bàbá sì ń bú omi náà bó ṣe ń mu ún. Mo bi í bóyá Bàbá béèrè mi. Ó ní, "Fi í sílẹ̀ ná."

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kọkànlá

Wọn ò tíì yọ mí. Dókítà ní kó tó dìgbà tí wọ́n bá pinnu, òun gbọ́dọ̀ wà nítòsí bí mo bá ń yà. Ó tọ́. Mo ń wo ọwọ́ ara mi lórí ẹ̀rọ, mi ò gbà á gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kọkànlá

Bàbá wá. Mi ò pè é. Dókítà ló pè é. Ó ti rù, bùbá rẹ̀ ń fẹ́ lára rẹ̀. Kò kí mi. Dókítà ní òun á ya àwòrán náà fúnra òun bó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá ní rárá. "Òun ló kọ́kọ́ rí i. Kó wò ó."

Mo lọ sẹ́yìn ògiri. Dókítà kọ́ ọ bó ṣe máa tẹ orí ba, kó fi àgbọ̀n kan àyà kó tó gbé nǹkan mì. Ẹ̀kọ: tààrà. Omi tí a mú ki: tààrà, ìyókù dúró díẹ̀ lọ́fun, ó tún gbé e mì, ó lọ. Omi lásán, ṣíbí kan péré. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn tún yà.

Ó pè mí láti ibi tó jókòó sí. "Monílọ́lá. Kí lo rí?"

Beauty wo Dókítà. Dókítà mi orí sí mi pé kí n lọ.

Mo jáde síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù òjé lọ́rùn. Mo ní, "Ẹ̀kọ lọ tààrà, Bàbá. Omi tí a mú ki náà lọ tààrà. Omi lásán ṣì ń yà."

"Ó pọ̀?"

"Díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ò húkọ́."

"Ṣé ó lè pa mí?"

Mo ní, "Ó lè pa yín. Mi ò mọ ìgbà."

Ó fi ańkáṣíìfù nu oògùn funfun kúrò ní ẹnu rẹ̀, ó rọra ṣe é, ó sì ká ańkáṣíìfù náà sí mẹ́rin. Dókítà sọ fún un pé iṣẹ́ náà á tún yà á lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, bó bá fẹ́. Ó dìde, ó fọwọ́ lé èjìká mi láti fi ṣe ọ̀pá.

"Bí mo bá wà, n ó wá."

Mo ṣí ìwé, mo kọ ọ́: Ọjọ́bọ̀, 5 oṣù kejì, 2026. Ó rí wúruwùru, kò ṣe é kà. Mo tún un kọ sísàlẹ̀. Bàbá dúró, ó dúró tì mí títí mo fi kọ ọ́ tán.