Àpò Wàrà Mọ́kànlá Tí Mo Sá Sórí Okùn

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Ọmọ-Abẹ́-Tábìlì mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ọmọ títọ́, mo kí ọ kú àìsùn. Ṣé ara rẹ le? Ṣé ọkọ rẹ ń jẹun dáadáa? Ṣé Ọ̀gá Kékeré ń dàgbà, ṣé ọrùn rẹ̀ ti dúró? Ọlọ́run tó fi í ta wá lọ́rẹ kò ní gbà á lọ́wọ́ wa. Bí o bá béèrè àwa náà, a wà láàyè. Bàbá rẹ wà láàyè, orúnkún wọn nìkan ló ń bá wọn jà, àwọn náà sì ń bá mi jà nítorí orúnkún náà, bí ẹni pé èmi ni mo rán an sí wọn. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn ṣì ń jò, ṣùgbọ́n a ti mọ ibi tí à ń gbé garawa sí, kò yọ wá lẹ́nu mọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n mú bírò ni pé ó di ọjọ́ méjìlá tí mo ti ń pè ọ́, obìnrin kan báyìí ló sì máa ń gbé fóònù rẹ. Mo kí i, kò kí mi padà. Ohun kan náà ló ń wí láràárọ̀, pé ẹni tí mo pè kò sí nítòsí, kí n tún pè nígbà mìíràn. Lọ́jọ́ kẹta mo bẹ̀ ẹ́, mo ní kó bá mi sọ fún ọ pé mo mọ ohun tí mo ṣe, pé kí o má bínú sí ìyá rẹ. Ó jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán, ó tún ní kí n pè nígbà mìíràn. Ṣé ó jíṣẹ́ fún ọ? Bó bá jẹ́ pé òun ni o gbà láti máa tọ́jú ọmọ, jọ̀wọ́ tún inú rò, nítorí ohùn rẹ̀ mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí àánú nínú rẹ̀, èmi ò sì rí ẹni tó ń tọ́mọ tí yóò máa wí gbólóhùn kan ṣoṣo láti àárọ̀ dalẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ awakọ̀ fi lé ìwọ fúnra rẹ lọ́wọ́, kó má fi fún obìnrin náà.

Jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí lọ́jọ́ yẹn ẹkún kò jẹ́ kí o gbọ́ mi tán.

Oṣù mẹ́ta tí mo fi wà lọ́dọ̀ rẹ, mo rí ẹ̀rọ kékeré tí o máa ń gbé sí ọmú, tó ń kùn bíi màṣíìnì ìránṣọ tí òróró ti gbẹ nínú rẹ̀. Mo rò pé ọmú ló ń ro ọ́, pé ìtọ́jú rẹ̀ ni. O kò sọ fún mi pé ńṣe lò ń tọ́jú wàrà pamọ́ de ọjọ́ tí o máa padà síbi iṣẹ́, èmi náà kò béèrè, nítorí ojú máa ń tì mí láti béèrè nǹkan lọ́wọ́ ọmọ tí èmi fúnra mi kọ́ ní ABD. Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kí o wọṣẹ́ padà, o gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́, èmi nìkan kù nílé, mo ní kí n bá ọ nu firiji kí o má bàa fi ìdọ̀tí sílẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Mo ṣí apá òkè níbi tí omi ti ń di yìnyín, mo bá àpò rọ́bà pẹlẹbẹ mọ́kànlá, nǹkan funfun wà nínú wọn, déètì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo déètì náà ló ti kọjá.

Ọmọ mi, ìwé mẹ́fà ni mo kà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fi déètì rẹ́ mi jẹ. Obìnrin tó ń ta nǹkan inú agolo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wa, ojú mi báyìí ni àwọn tó ń yẹ ọjà wò ṣe kó páálí mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n dáná sun ún nítorí pé déètì rẹ̀ ti kọjá. Láti ọjọ́ yẹn n kì í ra bisikíìtì láì yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Mo ní, áà, iṣẹ́ ọmọ títọ́ ti jẹ́ kí ọmọ yìí gbàgbé nǹkan sínú firiji títí ó fi bàjẹ́. Mo da mọ́kànlá rẹ̀ sínú síǹkì. Àpò wọn ló wá ń ṣe mí láàánú, rọ́bà tó dára tó báyẹn, tó ní ohun tí wọ́n fi ń pa á dé lẹ́nu, ta ní í sọ irú rẹ̀ nù? Mo fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, mo sá wọn sórí okùn lẹ́yìnkùlé, mo tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí aṣọ ọmọ ilé ìwé.

O wọlé, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ. O dúró sábẹ́ okùn, o bẹ̀rẹ̀ sí kà wọ́n, ọ̀kan, èjì, títí o fi dé mọ́kànlá. Èmi dúró sẹ́nu ọ̀nà, mò ń retí kí o yìn mí.

O kò bú mi. Ì bá sàn ká ní o bú mi. Ńṣe lo wọlé lọ tí o ti ilẹ̀kùn, tí ò ń sunkún. Ọjọ́ kejì ni mo di ẹrù mi.

Mo kó mẹ́ta nínú àpò náà wálé, mo fi bọ́tìnnì sínú wọn. Níjọ́ kan mò ń wá bọ́tìnnì dúdú, ni mo bá wo ohun tí o kọ sára rẹ̀ dáadáa. Kì í ṣe déètì ọjọ́ tí o fún wàrà náà nìkan. O kọ aago sí i. Aago márùn-ún àárọ̀. Aago márùn-ún àárọ̀. Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo wá mọ̀ pé àkókò tí èmi ń hanrun nínú yàrá kejì ni ìwọ ń jókòó ti ẹ̀rọ yẹn. Mo jókòó sórí àpótí, n kò rán bọ́tìnnì mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ọkọ rẹ pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Má bá a jà, ó ní kí n má sọ fún ọ pé òun pè. Ó ní inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibi iṣẹ́ lo ti máa ń fún wàrà, pé àwọn èèyàn á máa kanlẹ̀kùn, pé wàrà náà ti ń dín kù. Ọmọ mi, ta ló ń se oúnjẹ nínú ṣáláńgá? Àánú ọmú gan-an ṣe mí. Ẹran ara kọ́ nìkan ni ọmú, ó ní ojú tirẹ̀, bí ọkàn ìyá kò bá balẹ̀, wàrà kò ní sọ̀ kalẹ̀. Ó tún ní fọ́ọ̀mù kan wà tí èèyàn lè kọ kí wọ́n jẹ́ kó máa fi wákàtí kan ṣáájú kúrò níbi iṣẹ́ nítorí ọmọ, ṣùgbọ́n o ò kọ ọ́, nítorí ẹni tó kọ ọ́ kẹ́yìn, wọ́n ní iṣẹ́ kò ká a lára. Kọ ọ́. Níbi tí wọ́n bá ti béèrè ìdí, kọ ọ́ gàdàgbà pé ebi ń pa ọmọ. Kò sí ọ̀gá tí kò mọ ebi. Bí wọ́n bá ní kí ìyá ọmọ fọwọ́ sí i, fi àyè sílẹ̀ fún èmi náà, nítorí èmi ni ìyá ìyá ọmọ, mo jù ọ́ lọ nínú fọ́ọ̀mù náà.

Èyí tó wá bà mí lọ́kàn jẹ́ jù ni pé ó ní o ti ra agolo wàrà kan, o gbé e sórí firiji, o ò tíì ṣí i. Ó ní o kàn máa ń wò ó.

N kò sọ pé agolo burú o. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó mú lẹ́tà yìí wá, agolo ló mu, o sì rí i bó ṣe tóbi tó, ọkọ̀ máa ń tẹ̀ sí apá ibi tó bá jókòó sí. Ṣùgbọ́n n kò tíì sọ bó ṣe di ọmọ agolo fún yín rí. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, màṣíìnì mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀, tèmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọ̀gá mi obìnrin kì í bọ́ téèpù kúrò lọ́rùn, wọ́n sì ní ọmọ ọwọ́ kò gbọdọ̀ wọ inú ṣọ́ọ̀bù, pé itọ́ ọmọ á ba aṣọ oníbàárà jẹ́. Mo fi ẹ̀gbọ́n rẹ sílẹ̀ sọ́dọ̀ aládùúgbò. Tó bá di ọ̀sán, ọmú mi á kún, á le bí òkúta, wàrà á máa jò gba aṣọ mi jáde. Níjọ́ kan ó kán sára aṣọ ìyàwó tí mò ń ṣẹ́tí rẹ̀. Ọ̀gá gé owó mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi àjákù aṣọ di àyà mi pinpin kí n tó kúrò nílé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ó gbẹ. Gbogbo èèyàn ní wàrà mi ni kò tó ọmọ. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ó tó o. Èmi ni mo dì í pa.

Nígbà tí mo bí ìwọ, ìyá mi wá láti ilé wọn. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Tó bá ti di ọ̀sán, wọ́n á pọ̀n ọ́, wọ́n á wá jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù gan-an, níbi tí oníbàárà gbọ́dọ̀ ti rékọjá wọn kó tó wọlé. Bí oníbàárà bá béèrè pé ìyá, ta lẹ ń retí, wọ́n á ní oúnjẹ ọmọ yìí ni wọ́n tì mọ́nú ilé. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi jókòó. Lọ́jọ́ karùn-ún ọ̀gá mi fúnra wọn ló nawọ́ gba ọmọ, wọ́n ní kí ìyá wọlé kí wọ́n má bàa lé oníbàárà òun tán. Abẹ́ tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ ni wọ́n tẹ́ nǹkan sí fún ọ. Mo ṣì ń gbóòórùn ibẹ̀ nígbà mìíràn, òórùn aṣọ tuntun, òróró màṣíìnì àti orí ọmọ. O máa ń fi àjákù aṣọ ṣeré, bí gbogbo màṣíìnì bá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ìwọ á figbe ta, a ó tún yára máa tẹ̀ ẹ́. Oṣù mẹ́fà gbáko, ẹ̀kán omi kan kò kan ọ̀nà ọ̀fun rẹ. Kì í ṣe pé mo gbọ́n nígbà náà o. Kò sí ẹni tó ráàyè ro omi fún ọmọ láàárín màṣíìnì mẹ́wàá ni.

Nítorí omi yìí kan náà, jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Nígbà tí ìyá ọkọ rẹ ń pè lójoojúmọ́ pé òùngbẹ ń gbẹ ọmọ, mo bu omi sínú ṣíbí níjọ́ kan. Ọ̀gá Kékeré tẹjú mọ́ mi bí nọ́ọ̀sì tó bi mí léèrè pé ṣé ọmú nìkan ló ń mu, tí mo dá a lóhùn pé ó tì o, ọmú méjèèjì ni. Ojú tì mí, mo mu omi náà fúnra mi.

Wàyí o, ibi tí mò ń lọ nìyí. Lọ́jọ́ tí a lọ fi ọmọ han àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ, mo ka ìṣísẹ̀ mi láti ilé rẹ dé ibẹ̀. Ẹgbẹ̀rún kan àti ọgọ́rùn-ún ni, mo kọjá lára oníṣẹ́ táyà, mo kọjá lára ilé oògùn, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú. Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ níbẹ̀ fi yàrá kékeré kan hàn mí lábẹ́ àtẹ̀gùn, ibi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí. Ó ní ilẹ̀kùn, ó ní kọ́kọ́rọ́, ó ní àga kan tí apá rẹ̀ ti kán. Obìnrin náà ní kì í sẹ́ni tó ń wọ ibẹ̀ lọ́sàn-án. Mo fẹ́ máa gbé ọmọ wá bá ọ níbẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ọ̀gá rẹ bá gbà, ó dára. Bí kò bá gbà, ibi iṣẹ́ yẹn náà ní àtẹ̀gùn ní ẹnu ọ̀nà, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó.

Mo ti sọ fún bàbá rẹ. Wọ́n fọwọ́ ra orúnkún wọn, wọ́n ní orúnkún àwọn kì í mu ọmú, kí n máa lọ.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Mo ṣírò agolo náà, bó bá jẹ́ kan lọ́sẹ̀, láti ìsinsìnyí títí oṣù mẹ́fà yóò fi pé, ó tó ra màṣíìnì ìránṣọ tuntun pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi ò béèrè tó bẹ́ẹ̀. Fi owó bàtà pẹlẹbẹ kan ránṣẹ́, èyí tí mo ní ti lu lábẹ́. Fi owó agboorùn kan sí i, nítorí orí ọmọ. Fi owó ọkọ̀ sí i, nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ ní ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni òun ń wà, ìyá òun náà gbọ́dọ̀ san ìdajì. Owó àlọ nìkan ni kí o fi ránṣẹ́ o. Má fi owó àbọ̀ sí i. Ìgbà tí ọmọ bá pé oṣù mẹ́fà ni a ó tó mọ iye tí owó àbọ̀ jẹ́.

Jọ̀wọ́, má tíì ṣí agolo yẹn. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dé. Mo ń kó àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ̀, mo ti da bọ́tìnnì inú wọn sínú ike.

Ọmú tí o mu kò ní korò lẹ́nu rẹ, èyí tí ò ń fún ọmọ kò ní gbẹ. Ibi tí a bá ti lé ọ, ibẹ̀ ni wọn yóò ti fún ọ ní àga. O ó dàgbà, o ó di ìyá àgbà, o ó pọ̀n ọmọ ọmọ rẹ lọ bá ìyá rẹ̀ níbi iṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ kò sì ní rẹ̀ ọ́. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ka déètì tí kò ka aago.