Pátákó Ìjọba Lójú Ilé Yín

Bọ̀dá Múrítàlá mi,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ ní Àbíjáàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá wa, ti wálẹ̀ díẹ̀. Òjò sì ti rọ̀ sí àgbàdo wa ní Masífà.

Bọ̀dá, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀! Ìjọba kó ẹ̀ka iṣẹ́ kan láti Òṣogbo wá sí Ẹ̀jìgbò níbí, àwọn òṣìṣẹ́ ń wá ilé kiri. Àfi bí mo ṣe ti oko dé tí mo rí pátákó wọn lójú ilé tí ẹ kọ́, tí ẹ tì pa de àbọ̀ yín! Bàbá Kékeré tí ẹ fún ní kọ́kọ́rọ́ ló háyà rẹ̀ fún wọn. Bàbá ní ilé tó wà ní títì, aláǹgbá ló ń jogún rẹ̀. Háà!

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo fẹ́ lọ ṣàdúà níbi sàréè Ìyá wa lẹ́yìnkùlé ilé náà. Mégádì dá mi dúró, ó ní ta ni mo wá rí. Mo ní ìyá mi ni. Ó ní ọ́fíìsì wo ni wọ́n wà?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè pe Bàbá Kékeré. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká máa tọrọ àyè lọ́wọ́ àlejò ká tó kí ìyá wa.

Àbúrò yín,
Nímọ́tà