Bí Dúnní Ṣe Nu Jìmí Kúrò Lẹ́yìn Ẹyẹ Àkọ̀

Ilé àbúrò rẹ, Altona, Hamburg
Ìparí oṣù kẹrin, 2018

Dàpọ̀ ọmọ mi, Àkànní,

Ṣé àlàáfíà ni Marzahn wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé otútù ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Láràárọ̀ ni mò ń gbàdúrà fún ilé gogoro tí ẹ ń gbé, kó má ṣe rẹ̀ ẹ́ láti máa dúró. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní yọ̀ lórí yìnyín, ọ̀gá rẹ kò ní jí pẹ̀lú ìbínú sí ọ. Èmi náà wà, ara le, àfi orúnkún mi tí kò tíì gbọ́ èdè àtẹ̀gùn ilé Jámánì.

Dúnní àbúrò rẹ ní kí n fi fóònù pè ọ́, mo ní rárá. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kan kọ̀ǹpútà, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò sì ni kọ̀ǹpútà àti fóònù, ojú mi ló ṣe tí wọ́n fi okùn so àwọn méjèèjì pọ̀ tí ọ̀kan ń fún èkejì lóúnjẹ. Mi ò lè máa sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n létí àbúrò. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

O mọ Jìmí, ọmọ Ògúnṣọlá, nọ́ọ̀sì tó fẹ́ fẹ́ àbúrò rẹ, tó máa ń gbé búrẹ́dì wá fún wa ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè. Ọmọ náà ní ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ tí mo dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi nínú Bahnhof, ibùdókọ̀ ojú irin wọn, títí obìnrin òyìnbó kan fi rò pé ó dákú, tó fẹ́ pe ọkọ̀ aláìsàn fún un. Òun ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí.

O rántí pé ẹyẹ ni mo lé tí mo fi rán yín nílé ìwé. Bí mi ò bá lé ẹyẹ lóko ìrẹsì wa ní Ọ̀fàdà, kí lẹ bá jẹ, kí la bá tà? Àfi bí mo ṣe dé ibí tí mo bá àbúrò rẹ tó ń lọ jókòó sínú àbàtà ní ọjọ́ Sátidé, tó ń bẹ ẹyẹ pé kó má lọ. Kámẹ́rà rẹ̀ gùn lẹ́nu bí ìbọn ṣakabùlà, aṣọ tó wọ̀ sì ní àwòrán ewé jákèjádò, n ni mo bá gbà pé ọdẹ ni à ń lọ, mo di iyọ̀ àti ata gígún sínú ọ̀rá, mo tẹ̀ lé òun àti Jìmí.

A dé ẹ̀bá odò Elbe, ibi tí eèsún pọ̀ sí, a jókòó sínú ẹrẹ̀. Kò pẹ́, agbo pẹ́pẹ́yẹ odò balẹ̀. Dàpọ̀, ọwọ́ mi kò bi mí léèrè. Mo dìde, mo pàtẹ́wọ́, mo ké bí a ti ń ké lóko, gbogbo wọn fò lọ. Mo yíjú kí wọ́n lè kí mi kú iṣẹ́. Ojú tí Dúnní fi wò mí ni ojú tí mo fi ń wo ìwọ nígbà tí o bá sùn lọ tí ẹyẹ jẹ ìrẹsì.

Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ ṣí sìkáàfù pupa mi lórí, ó gbé e sínú omi. Jìmí kò jẹ́ kí n dìde, ó wọ inú omi náà títí ó fi mù ún dé ìbàdí, ó mú sìkáàfù, ó wé e mọ́ orí ara rẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lè ráyè di eèsún mú. Bó ṣe fẹ́ máa padà bọ̀ ni ẹyẹ àkọ̀ ńlá kan balẹ̀ síwájú rẹ̀, eléérú, ọrùn gígùn, ẹsẹ̀ bí igi ìgbálẹ̀. Dúnní gbé ọwọ́ sókè pé kí Jìmí má mira. Jìmí dúró. Àkọ̀ náà dúró. Ó mú kọ̀ǹkọ̀ kan jẹ, ó ronú, ó wá òmíràn. Ètè Jìmí ń dúdú lọ, kámẹ́rà ń dún kẹ́kẹ́kẹ́. Nígbà tí ẹyẹ náà fò lọ tán, èmi àti Dúnní la fa Jìmí jáde nínú ẹrẹ̀, bàtà rẹ̀ kan ṣì wà níbẹ̀ di bí mo ti ń kọ̀wé yìí.

Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Dúnní jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ní òun fẹ́ tún fọ́tò náà ṣe. Ó kọ́kọ́ da oòrùn sórí omi. Oòrùn kò sí lọ́jọ́ náà, mo sì bi í pé ta ló fún un láṣẹ. Ó fọ ìyẹ́ ẹyẹ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Orí Jìmí ló wá kù, tó yọ lẹ́yìn àkọ̀ bí olú pupa. Ni Dúnní bá ń fi nǹkan kékeré tó wà lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ nu ún. Orí lọ, èjìká lọ, eèsún hù síbi tí ọmọ ènìyàn wà. Mo bi í pé níbo ló gbé e sí. Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

Ó ní, “Mo ti yọ ọ́ kúrò, Mọ́mì. Ó ń ba ẹyẹ yẹn jẹ́.”



Mọ́ńdè dé, Jìmí kò dé. Búrẹ́dì kò dé. Mo ní kí Dúnní pè é, ó ní fóònù rẹ̀ kò lọ, ó sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá kì í pe ọmọ rẹ̀ ní apànìyàn láìrí òkú. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, mo ṣí kọ̀ǹpútà náà bí mo ti ń rí i tó ń ṣí i. Ó ti sọ fún mi rí pé inú apẹ̀rẹ̀ ni ohun tí wọ́n bá yọ kúrò ń lọ. Mo tú apẹ̀rẹ̀ tó wà lábẹ́ tábìlì, èèpo ọsàn ni mo bá. Mo wá kúnlẹ̀ níwájú fọ́tò náà, mo pe Jìmí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé à ń wá a bọ̀. Mo ro ẹ̀bà, mo gbé e tì í pẹ̀lú ẹja, torí mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń jẹun níbẹ̀. Mo wá di nǹkan kékeré náà mú kí n fi ya eèsún sọ́tọ̀. Àkọ̀ kan jáde. Mo tún fà á, àkọ̀ mìíràn jáde. Kí n tó ká ọwọ́ kúrò, àkọ̀ ti kún gbogbo odò, ọ̀kan ní orí méjì, ọ̀kan dúró lórí èkejì, Jìmí kò sì sí níbẹ̀.

Bí Dúnní ṣe wọlé bá mi nìyẹn. Ó wo èmi, ó wo ẹ̀bà, ó wo ẹyẹ, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ní ibi yòówù tó bá gbé ọmọ Ògúnṣọlá sí, kó mú un jáde, torí ìyá rẹ̀ yóò bi mí. Ẹ̀rín náà já lẹ́nu rẹ̀. Ó bú sẹ́kún.

Ó wá jẹ́wọ́ pé òun fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí Jìmí pẹ̀lú ìdùnnú, Jìmí sì béèrè pé òun dà. Ó fún un lésì tó fún mi. Jìmí ní ṣé bó ṣe máa nu òun kúrò láyé rẹ̀ nìyẹn lọ́jọ́ tí ohun tó rẹwà bá balẹ̀ síwájú òun. Ó pa fóònù, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sọ́dọ̀ Akin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Reinickendorf, lọ́hùn-ún lọ́dọ̀ yín, ìgbéraga kò sì jẹ́ kí Dúnní bẹ̀ ẹ́. Dàpọ̀, ó rò pé ọ̀rọ̀ mìíràn lòun ń sọ fún mi. Ohun tí mo ti ń sọ náà ni.

Mo ní, “Dá a padà síbi tó dúró sí.”

Ó nu ojú, ó tẹ nǹkan kan, ó tẹ̀ ẹ́ títí, àwọn ẹyẹ mi wọlé lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, eèsún yà, orí Jìmí yọ pẹ̀lú sìkáàfù mi. Mo kí i kú àbọ̀. Dúnní tilẹ̀ kó oòrùn náà kúrò. Ó fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sórí fóònù Akin, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Ẹyẹ náà lọ. Ìwọ lo dúró.”

Kí oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ kejì tó jinná, Jìmí ti dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ń wúkọ́, imú rẹ̀ ń ṣomi. Dúnní ní omi àbàtà ló fà á. Mi ò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n èmi tí mò ń gbọ́ fáànù tó ń fẹ́ nínú kọ̀ǹpútà yẹn tọ̀sán-tòru mọ ibi tí otútù ti mú un. Mo se ọbẹ̀ ata fún un. Àwọn méjèèjì wọ kíṣìnì, wọ́n tilẹ̀kùn, mo gbọ́ ẹkún díẹ̀, mo gbọ́ ẹ̀rín púpọ̀. Àwọn ará ilé rẹ̀ yóò wá tọrọ ìyàwó nínú oṣù kẹjọ. Fọ́tò náà ti wà lára ògiri pálọ̀, ẹni tó bá wọlé, Jìmí ló ń kọ́kọ́ rí kó tó rí ẹyẹ.

Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ojú irin ránṣẹ́ kí n lè wá kí yín, kí o sì fi ti bàtà rọ́bà Jìmí kún un. Èyí tó ká mi lára jù ni fọ́tò ìgbéyàwó rẹ, tí o gé apá òsì ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, Bàbá Ògúndáre, kúrò nínú rẹ̀ kí ó lè wọ férémù. Láti ọdún náà ni apá òsì yẹn kò ti gbéra sókè mọ́. Wọ́n ti fi àgbo wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti gbé e lọ ọsibítù, kò sẹ́ni tó ronú kan férémù. Bá mi dá apá bàbá padà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oko.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ. Ohun tó dára jù ọ́ lọ kò ní balẹ̀ síwájú rẹ lọ́jọ́ tí wọ́n ń ya fọ́tò, bó bá sì balẹ̀, ẹni tó fẹ́ràn rẹ yóò ṣì rí ọ lẹ́yìn rẹ̀.

Èmi ni, ìyá rẹ.