Yàrá Tí Màmá Níyìọlá Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Jó

Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí Màmá Ràdíátù Níyìọlá Ògúnjìmí sí lọ́dún 1949, ní agboolé Ọlánípẹ̀kun, àwọn onílẹ̀ tó ti wà níbẹ̀ kí Àpápá tó ní èbúté. Bàbá wọn rán wọn ní ilé kéwú, wọ́n sì ka ìwé mẹ́fà. Ìbéèrè wọn pọ̀ débi pé olùkọ́ a máa rán wọn lọ pọnmi kí kíláàsì lè sinmi.

Lọ́dún 1971, wọ́n fẹ́ Àlàájì Lásísì Ògúnjìmí, òṣìṣẹ́ èbúté. Nígbà tí wọ́n ṣí èbúté Tin Can, Màmá ṣí búkà sí ìtòsí rẹ̀. Ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹja tútù ni wọ́n ń tà, àwọn atukọ̀ oríṣiríṣi ilẹ̀ ló sì ń jẹun níbẹ̀. Màmá kò wọ ọkọ̀ òkun rí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jẹun lọ́dọ̀ wọn tí wọn kò bi léèrè ohun tí wọ́n ń jẹ nílùú tirẹ̀. Ará Kòríà kan mú ewéko òkun gbígbẹ wá fún wọn. Màmá fi mu gàrí, wọ́n ní ó dùn ju ẹ̀pà lọ. Àwa ọmọ wọn kò tíì gbà fún wọn títí dòní.

Báyìí ni ẹ̀bùn àwọn atukọ̀ ṣe kún yàrá ẹ̀yìn ilé wọn: òkúta tó ń léfòó lójú omi, ìkarahun tó tóbi ju orí ènìyàn lọ, eyín ẹja tí wọ́n fín àwòrán sí. Tonbra, apẹja àdúgbò, ló gbé èyí tó fa wàhálà wá, egungun ọ̀pá ẹ̀yìn àbùùbùtán kan, ẹja ńlá tí òkun gbé jáde. Màmá sọ ọ́ di àpótí ìjókòó.

Lọ́dún 1996, ọ̀rọ̀ ràn ká àdúgbò pé egungun ènìyàn ni Màmá fi ń ṣe owó. Àwọn onílé gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù wá láti jó yàrá náà. Màmá jókòó lórí egungun ọ̀hún, wọ́n ń jẹun lọ. Wọ́n ní, “Ẹ mú ènìyàn tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ tóbi tó yìí wá kí n rí i, èmi fúnra mi á ṣáná sí i.” Bàbá àgbà kan láàárín wọn bú sẹ́rìn-ín, ni wọ́n bá gbé bẹntiróòlù wọn padà. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ àwọn onílé yẹn fi ń wá wòran nínú yàrá náà.

Màmá kì í pa ìrun jẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìbọ̀rìṣà ni yàrá wọn, wọ́n á ní, “Ṣé ìwọ lo dá àbùùbùtán ni?” Ọ̀rọ̀ náà kì í tu irun kan lára wọn.

Kí wọ́n tó jáde láyé lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọn kò ní ká pa màlúù, wọn kò ní ká kọ́ ilé sórí sàréè. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n bẹ̀ wá, pé kí a má ti ilẹ̀kùn yàrá yẹn. Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, àwọn ìbátan ọkọ wọn ránṣẹ́ pé bí a kò bá da gbogbo nǹkan inú yàrá náà sínú ọ̀sà, àwọn kò ní bá wa ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ. Ó dùn wá púpọ̀, nítorí ẹbí ni ẹbí ń jẹ́. Tèmítọ́lá, àkọ́bí Màmá, dá wọn lóhùn pé, “Ẹ kú ìrọ́jú. A kò ní dà á nù.” Gbogbo wa la wà lẹ́yìn rẹ̀.

Màmá fi ọmọ mẹ́ta sáyé: Tèmítọ́lá tó jẹ́ ìyàwó Chinedu, Hameed, àti Mujeedat, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọmọ-ọmọ tí wọ́n jogún ìbéèrè.

Ẹ̀yin àlejò wa, ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ẹ̀yìnkùlé la ti máa jẹun lẹ́yìn àdúà. Inú yàrá Màmá ni ẹ ó gbà kọjá dé ibẹ̀, nítorí a ti dí ọ̀nà yòókù.

Màmá, ilẹ̀kùn yín wà ní ṣíṣí. Kí Ọlọ́run tó ni òkun àti ohun inú rẹ̀ tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ sùn re o.